Ìhùmọ̀ báyótẹ́kì àti ìkọ̀sílẹ̀ "ó hàn gbangba": bí a ṣe ń gbé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn pátẹ́ǹtì ní Amẹ́ríkà

Lẹ́tà tó máa ń dun olùhùmọ̀ jù láti ọ́fíìsì pátẹ́ǹtì Amẹ́ríkà, USPTO, ni èyí tó dúró lórí abala 103 òfin pátẹ́ǹtì. Ohun tó ń sọ ni pé iṣẹ́ yín tuntun lóòótọ́, kò sẹ́ni tó ṣe é rí, àmọ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ tó bá ka àwọn ìwé tó ti wà nílẹ̀ ìbá ti rò ó débẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ lè ti lo ọdún márùn-ún nídìí jíìnì kan. Olùyẹ̀wò yóò to ìwé mẹ́ta kalẹ̀: ọ̀kan mẹ́nu ba puròtéènì náà, ìkejì ṣàlàyé bí a ṣe ń wá jíìnì rí, ìkẹta sọ ìdí tí èèyàn fi máa fẹ́ wá a. Ó pa wọ́n pọ̀, ó kọ̀ yín.

Ẹni tó fẹ́ gbé irú ìkọ̀sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ síwájú la kọ èyí fún. Ibùdókọ̀ méjì ló wà lójú ọ̀nà: ìgbìmọ̀ adájọ́ pátẹ́ǹtì tí wọ́n ń pè ní PTAB nínú USPTO fúnra rẹ̀, àti ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn Federal Circuit ní Washington. Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ ṣáájú ohun gbogbo ni pé inú fáìlì lẹ ti ń jàre, kí ẹ tó débẹ̀ rárá. Ẹ̀rí tí kò bá sí nínú fáìlì lọ́jọ́ tí ẹ fi ìwé àwíjàre sílẹ̀ kì í sábà ráyè wọlé mọ́ títí ẹjọ́ ó fi parí.

Ẹ kọ́kọ́ ka ẹjọ́ Kubin

Kò sí ẹjọ́ tí olùyẹ̀wò báyótẹ́kì fẹ́ràn tó In re Kubin, tí Federal Circuit dá ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 2009. Ẹ kà á kí ẹ tó kọ lẹ́tà kankan padà.

Marek Kubin àti Raymond Goodwin yọ jíìnì tó ń ṣe puròtéènì kan jáde. NAIL ni wọ́n sọ puròtéènì náà. Ara sẹ́ẹ̀lì natural killer ló wà, ìyẹn àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbógun ti àrùn àti jẹjẹrẹ nínú ara. Wọ́n tún rí i pé ó máa ń so mọ́ puròtéènì mìíràn, CD48. Nínú kíléèmù wọn, ìyẹn gbólóhùn tó ń fi ààlà sí ohun tí olùhùmọ̀ ní òun ní ẹ̀tọ́ sí, wọ́n béèrè fún DNA èyíkéyìí tó bá ń ṣe puròtéènì tó jọ amino acid (ẹyọ kéékèèké tí a fi ń to puròtéènì) 22 sí 221 nínú ìtòlẹ́sẹẹsẹ wọn tó ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún, tó sì ń so mọ́ CD48.

Olùyẹ̀wò fa pátẹ́ǹtì Valiante yọ. Pátẹ́ǹtì yẹn ti mọ puròtéènì náà, p38 ló pè é. Ó ti ní áńtíbọ́dì C1.7 tó ń mú un, ó sì ti sọ pé a lè tọ ọ̀nà tí gbogbo èèyàn mọ̀ láti rí jíìnì rẹ̀. Olùyẹ̀wò fi ìwé atọ́nà yàrá ìwádìí Sambrook tì í, àti ìwádìí Mathew lórí irú puròtéènì yìí kan náà nínú eku. Ìgbìmọ̀ gbà pẹ̀lú olùyẹ̀wò ní 2007. Ilé ẹjọ́ náà gbà bẹ́ẹ̀.

Ohun mẹ́ta ló ba ẹjọ́ wọn jẹ́, gbogbo rẹ̀ ló sì ṣeé yẹra fún. Ìwé àlàyé ìhùmọ̀ tiwọn gan-an ló sọ pé áńtíbọ́dì C1.7 àti irú ọ̀nà tó wà nínú Sambrook làwọn lò. Olùhùmọ̀ máa ń kọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ láti fi hàn pé ẹlòmíì lè tún iṣẹ́ òun ṣe, òfin sì béèrè fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan náà ni olùyẹ̀wò yóò dà padà gẹ́gẹ́ bí ìjẹ́wọ́ pé iṣẹ́ náà rọrùn. Èkejì, wọ́n gbára lé CD48 bí ohun ìyanu. Ilé ẹjọ́ ní àbùdá tó ti wà lára puròtéènì látilẹ̀ ni, pé ẹni tó bá yọ jíìnì náà ti ní àbùdá yẹn lọ́wọ́ yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. Ẹ̀kẹta ni bí kíléèmù náà ṣe fẹ̀ tó. Láti 22 dé 221 jẹ́ amino acid 200. Ìdá 80 túmọ̀ sí pé 40 nínú wọn lè yí padà bó ṣe wù ú. Ìgbìmọ̀ tún kọ kíléèmù yìí lórí pé ìwé àlàyé kò fi hàn pé wọ́n ní gbogbo ẹbí tó gbòòrò bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Ilé ẹjọ́ kò tilẹ̀ dé orí ìyẹn, nítorí ọ̀rọ̀ "ó hàn gbangba" nìkan ti tó.

Àwíjàre tó ti gbó

Títí di òní, a ṣì ń rí lọ́yà tó ń ṣírò iye DNA tó lè ṣe puròtéènì kan. Ìṣirò náà kò ṣòro: kódù ni lẹ́tà DNA mẹ́ta tó ń pe amino acid kan; leucine, serine àti arginine ní kódù mẹ́fà mẹ́fà, methionine àti tryptophan ní ẹyọ kan ṣoṣo. Puròtéènì tó ní leucine, serine àti arginine ní títẹ̀léra ti ní 6 × 6 × 6, ìyẹn 216, lórí amino acid mẹ́ta péré. Nínú In re Bell ní 1993, iye rẹ̀ lé ní 10 lọ́nà agbára 36, Federal Circuit sì gbà pé mímọ puròtéènì kò sọ jíìnì kan pàtó di ohun tó hàn gbangba. In re Deuel ní 1995 tún fìdí rẹ̀ múlẹ̀: pé ohun kan "yẹ ní gbígbìyànjú" kò tó.

KSR v. Teleflex ní 2007 ló yí ọ̀rọ̀ padà. Ẹjọ́ lórí pẹ́dà ọkọ̀ ni, kò sí jíìnì kankan níbẹ̀. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé bí ìnílò bá wà, tí ọ̀nà àbáyọ tí a mọ̀ sì níye, tí àbájáde wọn sì ṣeé sọ tẹ́lẹ̀, nígbà náà gbígbìyànjú wọn lè jẹ́ ohun tó hàn gbangba. Kubin gbé e wọ inú iṣẹ́ jíìnì. Nítorí náà, ẹ má fi iye kódù ṣe òpó àárín. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi nísinsìnyí ni bóyá ọ̀nà tí wọ́n máa gbà rí i ti wà nílẹ̀, àti bóyá akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ní ìrètí tó mọ́gbọ́n dání pé ọ̀nà náà yóò ṣiṣẹ́.

Lórí ọ̀rọ̀ "yẹ ní gbígbìyànjú," ojú méjì ló ṣì ṣí sílẹ̀ fún yín, láti inú ẹjọ́ In re O'Farrell ti 1988, Kubin fúnra rẹ̀ sì tún un sọ. Àkọ́kọ́: àwọn ìwé àtẹ̀yìnwá, ìyẹn àwọn tó ti wà nílẹ̀ ṣáájú ìhùmọ̀ yín, kàn ní kí èèyàn máa yí gbogbo nǹkan padà títí yóò fi bọ́ sí i, láìsọ èyí tó ṣe kókó. Èkejì: ìwé àtẹ̀yìnwá tọ́ka sí pápá tuntun tó ń fúnni nírètí, àmọ́ ìtọ́ni rẹ̀ kò kúnná. Ẹ yan ojú kan kí ẹ dúró síbẹ̀. Ìwé àwíjàre tó ń fò láti ọ̀kan sí ìkejì máa ń fi hàn pé olùkọ̀wé kò tíì mọ ibi tí ẹjọ́ òun wà.

Ẹjọ́ O'Farrell tún kọ́ wa ní nǹkan tó ń bá àwọn olùwádìí yunifásítì fínra. Ìwé tó pa ìbéèrè wọn, méjì nínú àwọn olùhùmọ̀ náà wà lára àwọn tó kọ ọ́, ó sì ti jáde ju ọdún kan lọ kí wọ́n tó béèrè fún pátẹ́ǹtì. Oore-ọ̀fẹ́ ọdún kan tí òfin Amẹ́ríkà ń fún olùhùmọ̀ lórí ìwé tirẹ̀ ti kọjá lórí wọn. Ẹ to gbogbo àpilẹ̀kọ, ìwé ara ògiri níbi àpéjọ àti ìwé àṣekágbá akẹ́kọ̀ọ́ yín sórí tábìlì, kí ẹ wo ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jáde.

Ìwé ìbúra: ibi tí iṣẹ́ gidi wà

Òfin 37 CFR 1.132 gba yín láyè láti fi ìwé ìbúra sílẹ̀ níwájú olùyẹ̀wò. Èyí ni ìwé tó níye lórí jù nínú gbogbo ẹjọ́ náà, òun náà sì ni wọ́n ń kánjú kọ jù. A máa dúró lórí rẹ̀ díẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ìwé àtẹ̀yìnwá tó sún mọ́ yín jù, kì í ṣe èyí tó rọrùn fún yín láti borí. Ohun tó wà nínú ìwé yẹn ni kí ẹ fi tiyín wé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, nínú yàrá ìwádìí kan náà, lọ́jọ́ kan náà bó bá ṣeé ṣe. Ẹ kọ irú sẹ́ẹ̀lì tí ẹ lò, ìwọ̀n oògùn tàbí áńtíbọ́dì, ìgbóná, àkókò, iye ìgbà tí ẹ tún un ṣe, bí èsì ṣe yàtọ̀ láti ìgbà dé ìgbà, àti kọ́ńtírò yín. Àwòrán ẹyọ kan láìsí ìṣírò kò ní ìwọ̀n kankan lójú adájọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè bóyá ìyàtọ̀ náà jẹ́ ti irú tàbí ti ìwọ̀n. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ sọ ọ́. Bí áńtíbọ́dì àtijọ́ bá ń di àfojúsùn rẹ̀ mú ní 1 nánómólà, tí tiyín sì ń dì í mú ní 0.5 (bí iye náà bá ṣe kéré tó ni ìdìmú ṣe lágbára tó), wọ́n á ní àtúnṣe tí akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ń retí ni. Ṣùgbọ́n bí ti àtijọ́ bá ń bàjẹ́ nínú omi ara ní ìgbóná 37°C láàárín ọjọ́ mẹ́ta, tí tiyín sì wà láàyè lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí ìwé tó ti wà nílẹ̀ sì sọ pé irú ìyípadà tí ẹ ṣe máa ń dín ìfaradà kù, ẹ ti ní nǹkan lọ́wọ́. "A kò retí rẹ̀" gbọ́dọ̀ ní ohun tí wọ́n ń retí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ìwé tó sọ ìrètí náà sì wà nínú fáìlì.

Ẹ̀rí náà gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó kíléèmù. Ibi tí ọ̀pọ̀ ń ṣubú nìyí. Ẹ dán ìtòlẹ́sẹẹsẹ kan wò, ẹ béèrè fún ìdá 80. Ìgbìmọ̀ yóò ní ẹ̀rí yín kò bo ilẹ̀ tí ẹ ní ti yín ni. Ọ̀nà méjì ló wà: ẹ dán mẹ́fà tàbí mẹ́jọ wò tó tàn ká ààlà náà, tàbí kí ẹ dín ààlà kù. Ẹ fi kíléèmù kéékèèké sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ìdá 90, ìdá 95, ìdá 98, àti ìtòlẹ́sẹẹsẹ náà gan-an, kí èyí tó tóbi lè wó láìwó gbogbo ilé.

Ìkùnà àwọn ẹlòmíràn ni ẹ̀rí tó lágbára jù pé kò sí ìrètí àṣeyọrí, bó bá ní iye. Nínú OSI v. Apotex, tí Federal Circuit dá ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, ọ̀rọ̀ náà dá lórí lílo oògùn erlotinib fún irú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró kan. Ìgbìmọ̀ ti ní ó hàn gbangba. Ẹ̀rí inú fáìlì sì fi hàn pé nínú oògùn tó lé ní 1,600 tó wọ ìpele kejì ìdánwò lórí èèyàn fún àrùn yẹn láàárín 1990 sí 2005, méje péré ni ìjọba fọwọ́ sí. Ìdá 99.5 kùnà. Àwọn ìwé tí Ìgbìmọ̀ gbára lé kò sì ní èsì kankan fún àrùn náà nínú wọn. Ilé ẹjọ́ yí ìdájọ́ padà. Ẹ wá irú iye bẹ́ẹ̀ fún pápá yín. Ó wà nínú àpilẹ̀kọ àyẹ̀wò gbogboogbò ní ọ̀pọ̀ ìgbà, kò sì ná yín ju wákàtí díẹ̀ lọ.

Ẹ wá gbólóhùn iyèméjì tí àwọn onímọ̀ kọ ṣáájú ọjọ́ tí ẹ fi ìbéèrè sílẹ̀. Òun ló pinnu ẹjọ́ CRISPR, irinṣẹ́ tí a fi ń gé DNA, láàárín Yunifásítì California àti Broad Institute ní ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án ọdún 2018. California ti fi hàn ní 2012 pé irinṣẹ́ náà ń gé DNA nínú túùbù. Kíléèmù Broad jẹ́ ti lílò ó nínú sẹ́ẹ̀lì ewéko àti ẹranko. Ìgbìmọ̀ ní akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ìgbà yẹn kò ní ìrètí tó mọ́gbọ́n dání pé yóò ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ilé ẹjọ́ sì fọwọ́ sí i. Lára ẹ̀rí tí wọ́n lò ni ọ̀rọ̀ iyèméjì tí àwọn olùhùmọ̀ California sọ fún gbogbo ayé, àti ohun tí onímọ̀ tí California mú wá jẹ́rìí ti kọ fúnra rẹ̀ ní 2012. Pé ọ̀pọ̀ yàrá ìwádìí ṣe é láṣeyọrí láàárín oṣù díẹ̀ kò gbà wọ́n sílẹ̀. Ohun tí èèyàn retí kí ó tó ṣe é ni òfin ń béèrè. Torí náà, kí ẹ tó mú onímọ̀ wá, ẹ ka gbogbo ohun tó ti kọ lórí ọ̀rọ̀ náà.

Olùhùmọ̀ lè búra fúnra rẹ̀, òfin kò kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń wo èrè tó ní níbẹ̀. Ẹ wá ẹni ìta kan kún un. Kí ìwé ìbúra onímọ̀ máa tọ́ka sí ojú ìwé àti ìlà. Bó bá kàn sọ pé "ní èrò mi kò hàn gbangba," Ìgbìmọ̀ ní ẹ̀tọ́ láti gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bó bá jẹ́ pé títà lẹ fi ń ṣe ẹ̀rí, ẹ fi hàn pé ohun tó wà nínú kíléèmù gan-an ló ń tà á, kì í ṣe ìpolówó tàbí orúkọ ilé iṣẹ́.

Ìgbà wo lẹ máa fi í sílẹ̀? Ṣáájú ìkọ̀sílẹ̀ ìkẹyìn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbọ́dọ̀ sọ ìdí tó tọ́ tí ẹ kò fi mú un wá tẹ́lẹ̀, olùyẹ̀wò sì lè kọ̀. Bó bá ti pẹ́ jù, ẹ san owó RCE láti tún ṣí àyẹ̀wò, ẹ fi ìwé ìbúra síbẹ̀, kí ẹ gba ìkọ̀sílẹ̀ tuntun, ẹ̀yìn náà ni kí ẹ pe ẹjọ́. Oṣù díẹ̀ yóò lọ. Ó sàn ju kí ẹ dé iwájú adájọ́ lọ́wọ́ òfo.

Ọjọ́ àti owó

Wọ́n gbọ́dọ̀ ti kọ kíléèmù yín lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó lè pe ẹjọ́. Ẹ fi Notice of Appeal, ìyẹn ìwé tó ń sọ pé ẹ pe ẹjọ́, sílẹ̀ pẹ̀lú owó rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta tí ìkọ̀sílẹ̀ ìkẹyìn fún yín. A lè fi owó ra àfikún títí dé oṣù mẹ́fà, kò sì lè kọjá bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan náà, ẹ lè fi ìbéèrè àyẹ̀wò ṣáájú ẹjọ́ sílẹ̀, ojú ìwé márùn-ún péré. Ó dára bí olùyẹ̀wò bá ṣe àṣìṣe tó hàn kedere: ìwé tó jáde lẹ́yìn ọjọ́ tiyín, tàbí ohun tó sọ pé ó wà nínú ìwé kan tí kò sí níbẹ̀. Fún àríyànjiyàn lórí ìrètí àṣeyọrí, kì í sábà ranni lọ́wọ́.

Láti ọjọ́ tí Notice wọlé, oṣù méjì lẹ ní fún ìwé àwíjàre, ẹ sì lè ra oṣù márùn-ún mọ́ ọn. Ìwé àwíjàre fúnra rẹ̀ kò ní owó. Olùyẹ̀wò yóò fèsì pẹ̀lú Examiner's Answer. Ibí yìí ni jàǹbá wà, nítorí ohun mẹ́ta ló bẹ̀rẹ̀ sí í ka oṣù méjì kan náà: èsì yín, tí a kò lè fi owó ra àfikún fún, owó ìfiránṣẹ́ sí Ìgbìmọ̀, tí ẹjọ́ yóò dópin bí ẹ kò bá san án, bí ìwé yín tilẹ̀ dára bí ọ̀rọ̀ wòlíì, àti ìbéèrè fún ìgbẹ́jọ́ lójú kojú, tí òun sì gbọ́dọ̀ wọlé lọ́jọ́ tí ẹ bá fi èsì sílẹ̀ bí ìyẹn bá ṣáájú. Ẹ kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí kàlẹ́ńdà lọ́jọ́ tí Answer bá dé.

Ilé iṣẹ́ kékeré ń gba ẹ̀dínwó ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún lórí owó wọ̀nyí, èyí tí wọ́n ń pè ní micro sì ń gba ìdá 80. Ẹ wo àtẹ owó USPTO lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ san, torí ó ń yí padà.

Kíkọ ìwé àwíjàre

Òfin ti sọ ohun tó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀: ẹni tó ni ẹ̀tọ́ gan-an, àwọn ẹjọ́ mìíràn tó jọ mọ́ ọn, àkópọ̀ ohun tí kíléèmù ń sọ pẹ̀lú ojú ìwé àti ìlà ibi tó ti wá, àwíjàre, àti kíléèmù fúnra rẹ̀ ní ìparí. Ìkọ̀sílẹ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní àkọlé tirẹ̀. Bí ẹ bá kó kíléèmù 1 sí 20 pọ̀ sábẹ́ àkọlé kan, Ìgbìmọ̀ lè mú ọ̀kan péré, kó fi dá ẹjọ́ gbogbo wọn. Èyí tó fẹ̀ jù ni wọ́n sì máa ń mú. Kíléèmù ìdá 98 yín nílò àkọlé tirẹ̀ àti ìdí tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ìpínrọ̀ kan. Ohun tí ẹ kò bá sọ níhìn-ín, ẹ ti sọ ọ́ nù, títí kan níwájú Federal Circuit.

Ẹ má ṣe na ìwé kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. "Valiante kò ní jíìnì, Sambrook kò mọ NAIL": òótọ́ ni, kò sì já mọ́ nǹkan, torí olùyẹ̀wò kò sọ pé ìwé kan ní gbogbo rẹ̀. In re Keller ti 1981 ti parí ìyẹn. Ohun tó yẹ kí ẹ kọlù ni oríkèé tó so wọ́n pọ̀: kí ló máa mú akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ọjọ́ yẹn gbé ìwé A sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé B, kí ló sì jẹ́ kó gbà pé yóò ṣiṣẹ́?

Ẹ fa ọ̀rọ̀ olùyẹ̀wò yọ pẹ̀lú ojú ìwé rẹ̀, kí ẹ fi ẹ̀rí tó takò ó sábẹ́ rẹ̀ kíá. Bó bá ní ó kàn jẹ́ "àtúnṣe ojoojúmọ́," ẹ béèrè ibi tó ti ṣàlàyé ìdí. Nínú In re Stepan ní 2017, Federal Circuit fagi lé ìdájọ́ Ìgbìmọ̀ nítorí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ láìṣàlàyé. Bí ẹ bá fẹ́ sọ pé ìwé àtẹ̀yìnwá ń lé èèyàn kúrò lójú ọ̀nà yín, ó gbọ́dọ̀ ti bẹnu àtẹ́ lù ú tàbí dẹ́rù bani. Pé ó dárúkọ ọ̀nà mìíràn tó fẹ́ràn jù kò tó.

Ọgbọ́n ẹ̀yìn ọ̀ràn ni ẹ̀sùn tí gbogbo lọ́yà ń fi kan olùyẹ̀wò. Òótọ́ ló sì máa ń jẹ́: ẹni tó ti gbọ́ ìtumọ̀ àlọ́ tán máa ń rò pé òun ti mọ̀ ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn lásán kò tó. Ẹ tọ́ka sí ìgbésẹ̀ kan pàtó tí olùyẹ̀wò kò lè gbé láìwo ìwé àlàyé yín, kí ẹ sọ ojú ìlà tó ti jí i mú.

Ìgbẹ́jọ́ jẹ́ ogún ìṣẹ́jú níwájú adájọ́ mẹ́ta, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ẹ béèrè fún un bí ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì bá díjú. Kò sáyè fún ẹ̀rí tuntun níbẹ̀. Bí Ìgbìmọ̀ bá gbé ìdí ìkọ̀sílẹ̀ tuntun jáde, inú yín yẹ kó dùn díẹ̀: oṣù méjì lẹ ní láti padà sọ́dọ̀ olùyẹ̀wò pẹ̀lú ẹ̀rí tuntun tàbí láti ní kí Ìgbìmọ̀ tún un gbọ́.

Lẹ́yìn Ìgbìmọ̀: ọ̀nà méjì, ẹ mú ọ̀kan

Ọjọ́ 63 lẹ ní láti ọjọ́ ìdájọ́ ìkẹyìn.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni Federal Circuit. Fáìlì tó ti wà nílẹ̀ nìkan ni wọ́n ń wò. Lórí òfin, wọ́n ń dá ẹjọ́ tuntun. Lórí òkodoro ọ̀rọ̀, wọ́n ń béèrè bóyá ẹ̀rí tó tó gbé ohun tí Ìgbìmọ̀ rí ró. Ohun tí ìwé kan sọ, bóyá ìdí wà láti so ó pọ̀ mọ́ òmíràn, bóyá ìrètí àṣeyọrí wà: òkodoro ọ̀rọ̀ ni gbogbo wọn. Nítorí náà ni Broad ṣe jàre ní 2018, nítorí bẹ́ẹ̀ náà ni Kubin ṣe pàdánù. Bí ẹ bá ní kí adájọ́ tún ẹ̀rí wọ̀n, wọn kò ní dá yín lóhùn. Ẹ wá ibi tí kò sí ẹ̀rí rárá, bíi ti OSI, tàbí ibi tí Ìgbìmọ̀ kò ti ṣàlàyé, bíi ti Stepan. Ilé ẹjọ́ kò sì gbọdọ̀ fi ìdí tí Ìgbìmọ̀ kò lò gbe ìdájọ́ rẹ̀ lẹ́yìn, torí náà ẹ di USPTO mọ́ ohun tí Ìgbìmọ̀ kọ. Ìwé àkọ́kọ́ yín yóò wọlé láàárín ọjọ́ 60 tí USPTO bá ti fi àkójọ fáìlì ránṣẹ́, kò gbọdọ̀ ju ọ̀rọ̀ 14,000 lọ. Èsì kò gbọdọ̀ ju 7,000.

Ọ̀nà kejì ni abala 145: ẹ pe ọ̀gá USPTO lẹ́jọ́ ní ilé ẹjọ́ àpapọ̀ ti Ìlà-oòrùn Virginia. Ibẹ̀ nìkan lẹ ti lè mú ẹ̀rí tuntun wá, Kappos v. Hyatt ti 2012 sì ní adájọ́ gbọ́dọ̀ fi ojú tuntun wo ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rí tuntun náà bá kàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa san ìnáwó ẹjọ́ náà, ẹ jàre o, ẹ jẹ̀bi o. NantKwest tọ ọ̀nà yìí lórí ìtọ́jú jẹjẹrẹ pẹ̀lú sẹ́ẹ̀lì natural killer, irú sẹ́ẹ̀lì tí Kubin ṣiṣẹ́ lé lórí. Wọ́n pàdánù ní Virginia, Federal Circuit sì ní ìhùmọ̀ náà hàn gbangba ní 2017. USPTO tún ní kí wọ́n san owó oṣù àwọn lọ́yà òun, ó lé ní $78,000. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ kọ ìyẹn ní oṣù kejìlá ọdún 2019. Owó àwọn onímọ̀ tó jẹ́rìí fún USPTO àti àwọn ìnáwó tó kù ṣì jẹ́ ti ẹni tó pe ẹjọ́. Bí ẹ̀rí yín bá ti wà nínú fáìlì, kò sí ìdí láti gba ibẹ̀. Ẹ kò sì lè gba méjèèjì: ẹ mú Federal Circuit, ọ̀nà Virginia ti di.

Bí ẹ bá ní ìbéèrè ní ibòmíràn

Ní Yúróòpù, oṣù méjì ni ìwé kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní EPO, ọ́fíìsì pátẹ́ǹtì ibẹ̀, oṣù mẹ́rin ni àlàyé rẹ̀, láti ọjọ́ kan náà. Ìwé àtẹ̀yìnwá tó sún mọ́ jù ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ìwádìí, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń fa ìṣòro tí ìhùmọ̀ yanjú yọ, torí náà ẹ̀rí àfiwé yín gbọ́dọ̀ bá ìṣòro yẹn mu. Ní Nàìjíríà, òfin Patents and Designs Act béèrè kí ìhùmọ̀ má ṣe jẹ́ ohun tó hàn gbangba láti inú ìmọ̀ tó wà, ṣùgbọ́n wọn kì í yẹ ìyẹn wò kí wọ́n tó fún èèyàn ní pátẹ́ǹtì; ẹni tó gbà á ló ń ru ewu rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹlòmíì bá ní kí Federal High Court fagi lé e ni ìwé ìbúra àti ìṣírò tí ẹ ti kó jọ fún Amẹ́ríkà yóò wúlò fún yín níbẹ̀ náà.

Nǹkan kan kù tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣe kí ọjọ́ 63 tó pé, yálà ẹ ń lọ síwájú tàbí ẹ ń dúró. Bí ẹ kò bá pe ẹjọ́ tí ọjọ́ náà sì kọjá, ìbéèrè yín ti kú, ohun tó kú kò sì lè bí ọmọ. Ẹ fi ìbéèrè ọmọ, tí wọ́n ń pè ní continuation, sílẹ̀ nígbà tí ìyá ṣì wà láàyè: ọjọ́ ìyá ni yóò jẹ́ ọjọ́ tirẹ̀. Ẹ fi kíléèmù tó dínkù, tí ẹ̀rí yín bò dáadáa, sínú rẹ̀, kí ẹ sì fi ìwé ìbúra kún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́.